Báàjì Abìyẹ́ Ọkọ Alhaja

Ẹ̀yìn báàjì ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ojú rẹ̀ lè parọ́, torí kí wọ́n lè wò ó ni wọ́n ṣe ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ẹni tó rán an ti máa ń so òwú, ibẹ̀ náà ni ìmẹ́lẹ́ rẹ̀ máa ń fara pamọ́ sí. Bàbá mi ló kọ́ mi ní èyí nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ọnà agbádá lọ́dọ̀ rẹ̀ níhìn-ín ní Ọ̀fà. Kò mọ̀ pé ọjọ́ kan ń bọ̀ tí n óò máa fi ọgbọ́n náà yẹ ìyẹ́ tí àwọn páílọ́ọ̀tì ológun máa ń rán mọ́ àyà aṣọ wọn wò.

Ara kóòtù òkìríkà kan ni mo ti rí àkọ́kọ́, ìyẹ́ méjì tí wọ́n fi òwú bíi fàdákà rán sórí aṣọ dúdú. Mo tú u, mo fi pamọ́. Láti ìgbà náà ni kíkó wọn jọ ti di àìsàn sí mi lára. Nígbà tí ojú mi ò gbé iṣẹ́ abẹ́rẹ́ mọ́, mo ti ní bí ọgbọ̀n, àwọn èèyàn sì ń gbé tiwọn wá pé kí n bá àwọn wò ó bóyá ògidì ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́, orí mi máa ń wú. Mo ní awò tó ń sọ nǹkan di ńlá, mo sì ní tọ́ọ̀ṣì kékeré oníná àlùkò, irú èyí tí àwọn ọlọ́jà fi ń mọ ayédèrú náírà. Òwú àtijọ́ kì í tàn lábẹ́ rẹ̀, òwú òde òní ló máa ń tàn yòò. Mo gba tọ́ọ̀ṣì yẹn gbọ́ ju ojú ara mi lọ.

Alhaja kan wà ní àdúgbò wa tí ọkọ rẹ̀ kú. Gbogbo ayé ọkùnrin náà ló fi ń sọ pé òun wa ọkọ̀ òfuurufú nígbà ogun abẹ́lé, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n ní ìdí ààrò ló wà ní bárékè, pé ọbẹ̀ ló ń sè. Páílọ́ọ̀tì ìkòkò ni wọ́n ń pè é lójú ara rẹ̀. Wọ́n fi yọ ọmọ rẹ̀ lẹ́nu nílé ìwé títí ọmọ náà fi kórìíra ọ̀rọ̀ náà. Ìyàwó rẹ̀ nìkan ló gbà á gbọ́. Ẹ̀yìnkùlé ni wọ́n sin ín sí, wọ́n fi sìmẹ́ǹtì tẹ́ orí sàréè, Alhaja a sì máa gbá a láràárọ̀. Kì í jẹ́ kí ọmọdé jókòó lé e.

Nígbà tí ọdún kan ń pé, ọmọ fẹ́ tẹ kàlẹ́ńdà ìrántí. Ìyá ní kí wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán pé páílọ́ọ̀tì ni. Ọmọ kọ̀, ó ní òun ò ní tẹ irọ́ fún gbogbo Ọ̀fà kà, àfi tí èmi bá fọwọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni Alhaja ṣe gbé báàjì kan wá tó fi áńkáṣíìfù funfun wé. Inú àpótí ọkọ rẹ̀ ló ti rí i, lára yúnífọ́ọ̀mù tí kòkòrò ti jẹ.

Mo yí i padà. Iṣẹ́ ọwọ́ ni, ó sì dára. Ó yẹ kí n dúró níbẹ̀. Ṣùgbọ́n mo ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé kí yàrá lè ṣókùnkùn, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i, gbogbo rẹ̀ sì tàn, àtòwú àtaṣọ.

“Tuntun ni, Alhaja,” mo ní. “Irú òwú yìí ò tíì sí nígbà ogun.”

“Ṣé ó dá yín lójú, Alhaji?”

“Ó dá mi lójú.”

Ó wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó tì í sọ́dọ̀ mi, ó ní kí n máa mú un, òun ò lè gbé irọ́ padà sílé. Áńkáṣíìfù nìkan ló mú lọ. Nígbà tí kàlẹ́ńdà jáde, ohun tí wọ́n kọ sí i ni òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kú. Bí a ti máa ń ṣe, àwọn obìnrin ilé kó gbogbo aṣọ rẹ̀ jáde, wọ́n fi ọṣẹ oníyẹ̀fun fọ̀ ọ́, wọ́n sá a kí a tó pín in. Fìlà kan ló kàn mí, èyí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ ṣọnà sí kí wọ́n tó bí mi. Mo jókòó sínú yàrá, mo ń wo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá mi. Mi ò mọ ohun tó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i, bóyá ó ti mọ́ mi lára ni. Fìlà náà tàn bíi gílóòbù.

Ọṣẹ tí wọ́n fi fọ̀ ọ́ ló ń tàn, kì í ṣe òwú. Mo yọ báàjì Alhaja nínú dúróà, mo tú etí rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ṣẹ́ aṣọ po, tí ọṣẹ ò lè dé dáadáa. Mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, ó dúdú, òwú ibẹ̀ ò tàn rárá. Ó sì yẹ kí n ti mọ̀, torí tó bá jẹ́ òwú tuntun ni, òwú nìkan ni ì bá tàn, aṣọ dúdú tí wọ́n rán an sí ò ní bá a tàn. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mi ò bi obìnrin náà, bóyá ó fọ̀ ọ́. Ojú tì mí, mo bínú sí ara mi.

Mo gbé báàjì náà lọ lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀yìnkùlé ni mo bá Alhaja. Ó ti sá láfún sórí sàréè ọkọ rẹ̀ títí dé etí, adìẹ kan sì gun orí rẹ̀, ó ń ṣá a jẹ. Mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, òun fọ̀ ọ́ pẹ̀lú àwọn aṣọ tó kù nígbà tí wọ́n fẹ́ pín in, òun sì tún un fọ̀ kí òun tó gbé e wá, torí òun ò fẹ́ kí n rí ìdọ̀tí lára nǹkan ọkọ òun.

“Látọjọ́ tí ẹ ti sọ̀rọ̀ yẹn, n ò ṣàdúà fún un mọ́,” ó ní. “Mo ní ó fi gbogbo ayé ẹ̀ parọ́ fún mi. Ta ni kí n wá lọ bẹ̀ báyìí, Alhaji?”

Ó so báàjì náà mọ́ etí ìró rẹ̀, ó lé adìẹ, ó kúnlẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa láfún kúrò lórí sàréè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú bàsíà. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n bá a kó o. Ó ní kí n fi sílẹ̀. Mo dúró níbẹ̀, mo ń wò ó, títí ó fi ṣa á tán tó sì na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀.