Nọ́ńbà Alfa Sálíù

Òmìnira kò tíì pé ọdún mẹ́ta nígbà tí a da iṣẹ́ sílẹ̀ níbi tí a ti ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Mando, ní Kaduna. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Ẹ̀tù tí wọ́n fi ń fọ́ òkúta ti pa ẹnìkan nínú wa, nítorí kò sẹ́ni tó bìkítà láti wò bóyá èèyàn ṣì kù nínú kòtò. A fi ọ̀sẹ̀ méjì gbáko jókòó sílé. Ebi pa wá, ṣùgbọ́n a ò yẹsẹ̀.

Níkẹyìn, àwọn ọ̀gá gbà. Wọ́n ní kí òyìnbó ará Jámánì tó ń yin ẹ̀tù, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bature, wá ètò kan. Ó gbé pákó dúró lókè kòtò, ó fún olúkúlùkù wa ní páànù pélébé tó ní nọ́ńbà. Bí o bá ń sọ̀ kalẹ̀, kí o fi nọ́ńbà rẹ kọ́ sára pákó. Bí o bá gòkè, kí o mú un. Bí pákó kò bá ṣófo, ẹ̀tù ò gbọdọ̀ dún.

Ó ní abúlé òun lórí òkè ni òun ti kọ́ ọ. Fàdákà ni àwọn baba ńlá rẹ̀ ń wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ kan iná sọ nínú ihò. Ẹnìkan ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú nọ́ńbà, wọ́n rò pé gbogbo wọn ti jáde, wọ́n sì dí ẹnu ihò kí iná lè kú, mọ́ ẹ̀gbọ́n lórí. Láti ìgbà náà ló ti di èèwọ̀ láti fọwọ́ kan nọ́ńbà ẹlòmíràn. Nígbà tó yá, fàdákà tán, wọ́n ti ihò pa, àwọn ọ̀dọ́ ṣí lọ. Àwọn arúgbó tó kù ló ń fi igi gbẹ́ ohun ìṣeré ọmọdé.

Ó sọ fún mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé, "Sọ fún wọn. Bó jẹ́ bàbá rẹ pàápàá, má bá a mú un."

Mo túmọ̀ gbogbo rẹ̀ sí Hausa àti Yorùbá, àfi èèwọ̀ yẹn. Ojú tì mí. Ṣé èmi ni n ó dúró níwájú àwọn àgbà Ìlọrin tó wà láàárín wa, kí n ní kí ọmọdé má ran àgbà lọ́wọ́?

Orúnkún ń dun Alfa Sálíù, ọ̀kan nínú àwọn àgbà náà, tó tún ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú ní àdúgbò Tudun Wada. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bí a ti ń gòkè láti inú kòtò, ó ń rọra bọ̀ lẹ́yìn mi.

Mo ké sí i pé, "Ẹ fara balẹ̀, Alfa. Mo ti bá yín mú nọ́ńbà."

"Akọ̀wé, Allah ya saka. O ṣeun, ọmọ mi."

N kò mọ̀ pé ó yí padà sínú kòtò lọ mú buta àlùwàlá rẹ̀. Bature wo pákó, ó rí i pé ó ṣófo, ó sì yin ẹ̀tù.

Nígbà tí a sin Alfa tán, ọ̀gá àgbà pe gbogbo wa jọ. Ó bi mí léèrè bóyá Bature sọ fún mi pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ mú nọ́ńbà ẹlòmíràn.

Mo ní, "Kò sọ ọ́."

Bature pariwo pé òun sọ ọ́, ó ń nawọ́ sí mi. Kò gbọ́ Hausa, kò gbọ́ Yorùbá, kò sì sí ẹlòmíràn tó lè bá a túmọ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Àwọn èèyàn mi ń ké pé, "Ya tafi gida!", kó máa lọ sílé rẹ̀. Àwọn ọ̀gá ò fẹ́ ká tún da iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n lé e lọ lọ́sẹ̀ náà.

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti kọjá ogún ọdún dáadáa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́, a jẹ èrè ìjà yẹn: wọ́n kọ òfin náà sára ògiri ní èdè mẹ́ta, kò sì sẹ́ni tó tún kú sínú kòtò níṣojú mi. Ṣùgbọ́n a pàdánù Alfa, mo sì di ẹ̀bi rẹ̀ ru ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀. Mo ṣì jẹ ẹ́ ní ẹ̀bẹ̀, n kò sì mọ ibi tí n ó ti rí i.

Títí ìyàwó Alfa fi kú, ọdọọdún ló ń gbé ẹran Iléyá wá fún mi. Yóò kúnlẹ̀, yóò ní, "Akọ̀wé, ẹ ṣeun tí ẹ jà fún ọkọ mi." Mo sì ń jẹ ẹran náà.