Ìwúkàrà àti Ẹsẹ̀ Bùkọ́lá

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọṣẹ́ ní láàbù Dókítà Zanele, àwo ike pẹlẹbẹ kan ló gbé lé mi lọ́wọ́. Ohun tó hù sínú rẹ̀ dà bí ẹ̀kọ funfun tó kán sílẹ̀. Ìwúkàrà ni, èyí tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò. Inú mi ò dùn. Ìwádìí lórí ọpọlọ ènìyàn ni mo torí ẹ̀ kúrò nílé wá sí Johannesburg, n kò sì rí ohun tó kan ọpọlọ nínú ohun tó ń mú búrẹ́dì wú.

Dókítà Zanele rí ojú mi. Dókítà ọpọlọ ni, ó ń tọ́jú aláìsàn nílé ìwòsàn, ó sì tún ń darí láàbù wa. Ó ní, "Ìwúkàrà kì í parọ́, kì í sì í pẹ́ kó tó fèsì. Kọ́ bí wọ́n ṣe ń bi í léèrè ná."

Mo kọ́ ọ. Jíìnì ni iṣẹ́ wa dá lé lórí, ìyẹn ìlànà tó wà nínú ara ohun abẹ̀mí, tí ara fi ń mọ ohun tí yóò ṣe. Ọ̀dọ̀ òbí la ti ń jogún rẹ̀. Ọ̀kan wà tí ìwúkàrà àti ènìyàn jọ ní. Bí a bá yọ ọ́ lára ìwúkàrà, kò ní lè dá hù mọ́. Bí a bá fi ti ènìyàn rọ́pò, á tún bẹ̀rẹ̀ sí í hù. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo jókòó ti àwo náà bí ẹni ń wo ọmọ tuntun.

Nínú ọpọlọ tiwa, jíìnì yìí ló ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó ń pèsè èròjà tí a fi ń darí ìrìn. Bí ó bá lábùkù, ẹsẹ̀ á máa le. Oorun máa ń dá díẹ̀ padà nínú èròjà náà, nítorí náà aláìsàn á rìn dáadáa láàárọ̀, ṣùgbọ́n tó bá dìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ á kọ̀. Ọdún pọ̀ tí mo fi mọ àìsàn yìí nínú ìwé, n kò tíì fojú rí ẹni tó ń ṣe.

Bùkọ́lá, ọmọ Iléṣà kan, ló ń dirun fún mi ní Jeppestown, ní Johannesburg níbí. Àárọ̀ Sátidé ni mo máa ń lọ. Lọ́jọ́ kan, iṣẹ́ dá mi dúró, ọjọ́ ti rọ̀ kí n tó dé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tó dìde lórí àpótí láti mú kóòmù, ó di ògiri mú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ yí sínú, ó ń wọ́ ọ.

"Kí ló ṣe ẹsẹ̀ ẹ?"

"Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, Àǹtí. Láti kékeré ni. Wọ́n ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi ló fà á. Àwọn míì ní ọ̀tá tó ń ṣe mí, ìrọ̀lẹ́ ló ń jáde. Àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ọ̀lẹ ni mí."

"Láàárọ̀ ńkọ́?"

"Láàárọ̀? Mo lè sáré sọdá títì níbi róbọ́ọ̀tì kí iná tó ń dá ọkọ̀ dúró tó yí."

Àìsàn inú ìwé yẹn ló wá sí mi lọ́kàn. Èmi kì í ṣe dókítà. Bí mo bá sọ ọ́ tí kò rí bẹ́ẹ̀, mo ti dá kún ẹrù rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí mo délé ní Bruma, mo pe Dókítà Zanele, mo ròyìn ohun tí mo rí.

Ó ní, "Ṣé ojú ẹ lo fi rí i, àbí ìwúkàrà ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Àwọn méjèèjì, mà."

"Éìsh. Mú un wá. Má ṣèlérí ohunkóhun fún un o."

Mo padà lọ bá Bùkọ́lá. Mo ní, "N ò lè sọ pé ó máa san. Dókítà kan wà tí mo fẹ́ kó wò ẹ́."

Kò dáwọ́ irun dúró. "Dókítà ti sú mi, Àǹtí."

"Mo mọ̀."

Ó di irun kan tán. "Ṣé ẹ máa bá mi lọ?"

"Màá bá ẹ lọ."

Dókítà Zanele wò ó láàárọ̀, ó ní kó má tíì lọ, ó tún wò ó nírọ̀lẹ́. Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ó fún un ní oògùn oníhóró tó ń dá èròjà ìrìn náà padà sínú ọpọlọ, díẹ̀díẹ̀ ni kó kọ́kọ́ máa lò ó. Kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ tí fóònù mi dún.

"Àǹtí, ẹsẹ̀ ni mo fi rìn délé láti ṣọ́ọ̀bù nírọ̀lẹ́ yìí."

"Ṣé kò rẹ̀ ẹ́?"

"Ó rẹ̀ mí. Bó ṣe ń rẹ gbogbo èèyàn ni."

Mo jókòó sílẹ̀, mo sunkún. Oògùn náà kì í wo àìsàn yìí tán, ojoojúmọ́ ni yóò máa lò ó. Àmọ́ ó ń rìn.

Nígbà tí a padà lọ, Dókítà Zanele ṣàlàyé pé inú ẹbí ni àbùkù náà ti máa ń wá. Bùkọ́lá wò mí. Ó ní, "Àbúrò màmá mi wà n'Iléṣà. Ó ti pẹ́ nílé àdúrà. Ẹsẹ̀ náà ni."

A pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù níbẹ̀. Mo ṣe gbogbo àlàyé fún un lédè ilé. Nígbà tí mo parí, ohun tó bi mí ni pé, "Ṣé èmi ni mo kó o ran ọmọ mi?"

Mo ní, "Rárá, mà. Ẹ ò kó o ràn án. Wọ́n bí i mọ́ ọn ni, kò sì sẹ́ni tó lè yan ìyẹn."

Láti ìgbà náà ni Dókítà Zanele ti ní kí n máa wá jókòó nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀, kí n máa bá àwọn ẹbí aláìsàn sọ̀rọ̀. Ìwúkàrà ṣì ni mo ń bá ṣiṣẹ́ láwọn ọjọ́ tó kù.

Wọ́n gbé àbúrò ìyá Bùkọ́lá lọ sílé ìwòsàn, àwọn dókítà ibẹ̀ sì bá tiwa sọ̀rọ̀, wọ́n fún òun náà ní oògùn yẹn. Lẹ́yìn náà, obìnrin náà fi ohùn ránṣẹ́ sí mi. Kò kúrò ní ilé àdúrà náà o, ó ní ibẹ̀ ti di ilé òun. Ó ní, "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà yín. Tí a bá ṣe ìsìn ìrọ̀lẹ́ tán, tí gbogbo èèyàn lọ, èmi ni mo ń rìn yíká báyìí, tí mo ń ti àwọn ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì pa."