Òpó Tí Wọ́n Yọ Lábẹ́ Àtẹ̀gùn

Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè eré olórin ńlá tí èmi àti ìyàwó mi lọ wò ní Èkó nígbà kan, òótọ́ ni mo máa ń sọ: n kò rí eré náà. Ìyá Kúdí ló rí i. Èmi, ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ àwọn oníjó ni mo wò, n kò sì kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní.

Káfíńtà ni mí. Ìsẹ́yìn ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n Kétu ni mo ti fi iṣẹ́ yìí jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà létí ọ̀nà Ìkòsí. Lásìkò tí fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé ọwọ́ àwa oníṣẹ́ ọwọ́, oníbàárà mi kan ní Mende, tí mo kan kọ́bọ́ọ̀dù fún, fi nọ́mbà mi fún olùdarí eré kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti òkè òkun dé. Gbogbo àwọn òṣèré ń pè é ní Uncle Délé. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo tó bí i lọ́mọ.

Àtẹ̀gùn ló fẹ́. Àtẹ̀gùn tó ga ju ènìyàn méjì lọ, tí ọbabìnrin inú eré yóò gbà sọ̀ kalẹ̀, tí oníjó mẹ́rìndínlógún yóò sì máa jó níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀. Ó yà á sínú ìwé fún mi. Ó wu ojú. Mo ní, "Uncle Délé, òpó ńkọ́?"

"Òpó kẹ̀? Kò sí òpó níbẹ̀, Bàbá. Inú àlàfo abẹ́ rẹ̀ la máa gbé iná sí. Iná á máa gba àárín àtẹ̀gùn tàn jáde, bí ìgbà tí oòrùn ń là."

"Oòrùn á là o. Ṣùgbọ́n òpó á wà níbẹ̀."

Ọjọ́ méjì la fi fa ọ̀rọ̀ yìí kó tó gbà. Igi àpá ni mo fi ṣe òpó náà. Mo gbé e sí àárín gbùngbùn, mo fi bóòtù dè é mọ́ igi ìdábùú. Igi ìdábùú ló ń ru ẹrù, òpó ló sì gbé e dúró. Pákó tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀, fáàrí lásán ló ń ṣe.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ní àṣà kan. Ohunkóhun tí ènìyàn bá máa gùn, ìbáà ṣe àjà, ìbáà ṣe àkàbà, kò ní fi lé oníbàárà lọ́wọ́ àfi tí ẹni tó kàn án bá jókòó sábẹ̀ rẹ̀, tí àwọn yòókù sì gun orí rẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo dá àjà kàn, mo gbàgbé láti kan ìṣó sí apá kan. Ọ̀gá rí i, kò sọ. Ó ní kí n wọlé sábẹ̀. Bí ẹni àkọ́kọ́ ṣe gbé ẹsẹ̀ lé e, igi ké, èmi náà ké pe ìyá mi. Ọ̀gá ní, "Ṣé o ti wá rántí ibi tí ìṣó kù sí?" Mo rántí. Mi ò sì gbàgbé mọ́.

Àṣà yẹn náà ni mo ṣe nígbà tí wọ́n ń gbára dì. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó, mo ní kí àwọn oníjó jó. Wọ́n fẹsẹ̀ lù ú bí ẹni ń gúnyán. Kò mì. Inú Uncle Délé dùn, ó fún mi ní tíkẹ́ẹ̀tì méjì.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ni eré. Gèlè tí Ìyá Kúdí wé ga débi pé ọkùnrin tó wà lẹ́yìn wa bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ rẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ díẹ̀.

"Ẹ yà sápá kan, Uncle," ni Ìyá Kúdí dá a lóhùn. "Ibẹ̀ fẹ̀."

Aṣọ pupa ńlá bo ojú ìtàgé. Lẹ́yìn aṣọ náà, mo gbọ́ ẹsẹ̀ àwọn oníjó tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn lọ sáyè wọn. Ohùn tí mo mọ̀ mọ́ iṣẹ́ mi ni kì, kì, kì. Ohun tí mo gbọ́ ni gbọ̀ọ̀, gbọ̀ọ̀, lẹ́yìn náà, igi rọra ké.

"Wọ́n ti yọ òpó," mo sọ fún ìyàwó mi.

"Òpó wo? Bàbá Kúdí, ẹ jókòó, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Mo ti dìde. Ọ̀dọ́kùnrin onísúùtù kan nawọ́ dí mi lọ́nà ẹ̀yìn ìtàgé. "Daddy, ẹ ò lè gba ibí o. Àwọn òṣèré nìkan."

"Èmi ni mo kan ohun tí wọ́n dúró lé. Yà fún mi."

Mo wọlé. Òpó mi ló sùn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri yẹn. Iná ńlá mẹ́ta wà níbi tó ti dúró. Gbogbo àwọn ọmọ ọlọ́mọ sì ti wà lókè, ọbabìnrin ní téńté. Uncle Délé sáré wá, ó ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Bàbá, please, kí lẹ wá ṣe níbí?"

"Ta ló yọ òpó?"

"Ó ń dí iná. Ẹnjiníà wa ní àtẹ̀gùn á dúró láìsí i. Ẹ padà sórí àga yín."

N kò bá a jà. Mo ká agbádá mi, mo wọ abẹ́ àtẹ̀gùn lọ, mo ti iná kan sẹ́gbẹ̀ẹ́, mo jókòó sílẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Mo fọwọ́ lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

"Ó dáa, kí wọ́n máa jó. Ìwọ náà wá jókòó tì mí."

"Bàbá, ẹ má dójú tì mí."

"Ìtìjú wo? Ṣebí ó máa dúró? Kí ẹnjiníà wá jókòó sápá kejì. Ààyè wà."

Ẹnjiníà wo òkè, ó wò mí, ó ní ẹnì kan ń pe òun lórí fóònù. Ọbabìnrin yọjú wo ìsàlẹ̀ láti òkè, ó ní, "Uncle Délé, kí ló dé tẹ́ ẹ ò lè jókòó síbẹ̀?"

Ọmọ náà ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Àwọn oníjó tẹ̀ lé e. Kò sẹ́ni tó kù lókè.

Uncle Délé ní, "Ẹ rí ohun tẹ́ ẹ ṣe? Mi ò ní pè yín síṣẹ́ mọ́ láyé!"

"Má pè mí. Gbé sípánà wá."

Kò sì pè mí mọ́ lóòótọ́. Ìyẹn kò febi pa mí.

Àwọn òǹwòran ti ń hó kí a tó gbé òpó padà. Ẹni tó yọ ọ́ ti fi hámà lu bóòtù kan títí ihò rẹ̀ fi gbòòrò, nítorí náà mo dúró sábẹ̀ pẹ̀lú sípánà, tí mo ń dè é ní gbogbo ìgbà tí ijó bá dáwọ́ dúró. Ẹsẹ̀ ń rọ̀ lórí mi bí òjò. Eruku pákó ń bọ́ sí fìlà mi. Òpó kò yẹ̀.

Nígbà tí eré parí, wọ́n ń pe àwọn tó kópa síwájú lọ́kọ̀ọ̀kan: ọbabìnrin, àwọn oníjó, àwọn onífèrè, ìyá tó rán aṣọ, ẹnjiníà pàápàá. Wọn ò pe káfíńtà. Mo wá gbọ́ ohùn kan láàárín gbọ̀ngàn tó ń kì mí.

"Àlàó o! Àlàó ọmọ agbẹ́gi! Àpá inú igbó, ìjì jà títí kò tẹ̀ fún un! Ọkọ mi, káfíńtà Kétu!"

Ẹnì kan ní, "Mummy, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ti parí."

"Ẹ̀yin lẹ parí. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni."

Mo gbọn eruku kúrò ní fìlà mi, mo tún agbádá mi ṣe, mo sì rìn jáde síwájú ìtàgé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni nínú wọn pè mí.