Fírídọ̀ọ̀mù Ọmọ Ọ̀gá

Bàbá mi kì í wo fíìmù àwọn tó ń fò lójú sánmà. Wọ́n ní ẹni tó ń fi gbogbo ọjọ́ fò kiri láti gba ará ayé là, iṣẹ́ wo ló ń ṣe jẹun? Àbúrò mi ọkùnrin ló fẹ́ràn wọn. Tí tuntun bá ti dé sinimá, á lọ wò ó, á sì wá ròyìn rẹ̀ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí ẹni pé a bẹ̀ ẹ́.

Eré àwọn olówó ni ti bàbá mi, èyí tó máa ń jáde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Arúgbó kan ló ní ilé-iṣẹ́ ńlá, àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́ta ń jà nítorí àga rẹ̀, kò sì sọ ẹni tó máa jókòó síbẹ̀. Bàbá mi ní òyìnbó inú rẹ̀ yára ju ti àwọn lọ, nítorí náà èmi ni ògbufọ̀. Wọ́n á na ẹsẹ̀ sórí àpótí, wọ́n á ní, "Kí ló wí?" Èmi á túmọ̀. Àga tí wọ́n ń tìtorí ẹ̀ jà yẹn gan-an kò jọ bàbá mi lójú. Wọ́n ní fóòmù rẹ̀ ti rọ̀.

Ó yẹ kí wọ́n mọ̀. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ṣe àga onítìmùtìmù ní Pápá Àjàó, kí orúnkún tó dá wọn dúró sílé mi ní Súrùlérè. Láti ìgbà náà, àbúrò mi ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń gé fóòmù, òun ló ń kọ́ àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni. Síbẹ̀, àwọn oníbàárà ṣì ń pè é ní ọmọ ọ̀gá, wọ́n á tún béèrè pé ọ̀gá dà.

Nǹkan kan ṣoṣo ló ń dùn ún. Ọmọṣẹ́ tó bá kọ́ṣẹ́ tán lọ́dọ̀ bàbá mi máa ń gba fírídọ̀ọ̀mù. A máa ń se ìrẹsì, onítọ̀hún á kúnlẹ̀, bàbá mi á gbàdúrà lé e lórí, wọ́n á fún un ní òòlù tuntun, òun náà á sì di ọ̀gá. Kódà àwọn tí àbúrò mi fúnra rẹ̀ kọ́ níṣẹ́ ti gbà á. Òun kò gbà á rí, nítorí ta ló ń ṣe fírídọ̀ọ̀mù fún ọmọ bíbí inú ara rẹ̀? Lọ́jọ́ kan ó sọ fún mi pé òun ti rí ṣọ́ọ̀bù kan ní Yábàá, pé tí ọdún bá fi parí tí bàbá ò sọ nǹkan kan, òun á kó jáde.

"Àǹtí mi, mo ti táyà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bá wọn sọ ọ́."

Mi ò lè sọ ọ́. Tí ọmọ bá bi bàbá tó wà láàyè pé ta ló máa ni nǹkan wọn, èsì tó máa gbọ́ ni pé, "Ṣé o fẹ́ kí n tètè kú ni?" Mo ti gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan rí, ó sì tó mi.

Ni mo bá gba inú eré tí wọ́n ń wò sọ ọ́. Lọ́jọ́ Àìkú kan, arúgbó inú eré bú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin níwájú gbogbo òṣìṣẹ́, ó ní kò wúlò fún nǹkan kan.

"Kí ló wí?"

"Ó ní ọmọ òun ti ṣiṣẹ́ tó, sà. Ó ní kó wá kúnlẹ̀, kí òun gbàdúrà fún un."

Bàbá mi tẹjú mọ́ ọmọ náà. "Ayọ̀ ló ń pa á lẹ́kún báyẹn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe bẹ́ẹ̀. Lẹ́nu mi, òṣìkà arúgbó yẹn di àgbà rere. Àbúrò mi, tó máa ń wá jẹun lọ́dọ̀ wa lọ́jọ́ Àìkú, á sáré wọ kíṣìnnì kó má baà rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, arúgbó náà ní kí àwọn síkiọ́ríìtì wọ́ ọmọ rẹ̀ jáde. Mo ti ń sọ pé wọ́n fẹ́ sìn ín dé ọ́fíìsì tuntun, kí bàbá mi tó mú rìmóòtù, wọ́n pa tẹlifíṣọ̀n.

"Àwọn lọ́yà tí mo fi ogójì ọdún ṣe àga fún, ṣé Yorùbá ni wọ́n fi ń bá mi ná an? Mo gbọ́ gbogbo ẹ̀. Tí mi ò bá ní kó o túmọ̀ ni, fóònù lo máa tẹ̀ títí eré á fi parí."

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gbórí sókè. Àbúrò mi ló dọ̀bálẹ̀.

"Bàbá, kí ni mo ṣe tí ẹ ò fi fún mi ní fírídọ̀ọ̀mù?"

Bàbá mi ń fọwọ́ pa orúnkún. 

"Ka gbogbo àwọn tí mo ti fún. Èwo nínú wọn ló ṣì wà lọ́dọ̀ mi?"

Agídí ni mo kà á sí láti ọjọ́ yìí wá, mo sì ti bínú sí wọn gan-an lọ́kàn mi. Mi ò mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

"Bàbá," àbúrò mi ní, "ṣebí torí pé ẹ ò fún mi ni mo ṣe fẹ́ lọ."

A ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ní ṣọ́ọ̀bù. Mo se ìrẹsì. Bàbá mi kò ra òòlù tuntun. Èyí tí àwọn fúnra wọn ti ń lò tipẹ́, tí èèkù rẹ̀ ti dán, ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́.

Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, mò ń po ẹ̀kọ bàbá mi lọ́wọ́ nígbà tí mo gbọ́ tí wọ́n ń pe fóònù ṣọ́ọ̀bù.

"Ta ló ṣílẹ̀kùn?"

"Èmi ni, sà," àbúrò mi dáhùn láti ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n gbé fóònù sílẹ̀, wọ́n ní kí n bu ẹ̀kọ wá. Ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọ́n tún pè.