Ìrókò Tó Wà Lọ́rùn Gìtá Elkanah

Ẹnu Àkànní mú ju ọ̀bẹ tó fi ń fá igi lọ. Ọmọ Ìsẹ́yìn ni, gìtá ló ń tún ṣe ní Ìkòsí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká sòótọ́, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti Kétu dé Mile 12, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń gbé gìtá wọn wá, pé Mùsùlùmí ni kò sì bí ẹnikẹ́ni nínú. Orúkọ rere yẹn ló fi ń jẹun.

Àfi ìgbà tí Elkanah, ọmọ Ìjẹ̀bú tó ń ta gìtá sórin ní ṣọ́ọ̀ṣì ẹ̀yìn títì, gbé gìtá oníná rẹ̀ dé. Okùn rẹ̀ ga jù, títẹ̀ ẹ́ ń dá ìka lóró. Àkànní tú ìṣó mẹ́rin tó so ọrùn gìtá mọ́ ara rẹ̀. Nǹkan pẹlẹbẹ ni yóò fi há ìdí ọrùn náà, kó lè fì sẹ́yìn díẹ̀, kí okùn lè wálẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ gé káàdì fóònù sí i. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe ní Mile 12," ni Elkanah wí.

"O ò bá gbé e lọ Mile 12! Ọ̀rá ni káàdì, á máa yọ̀. Páálí á mu òógùn ẹ, á rọ̀. Agolo tòmátì á dípẹtà. Igi ló ń bá igi rẹ́."

Ó mú àjákù ìrókò, ó fá a títí tó fi fẹ́lẹ́ bí èékánná. Ó fi pẹ́ńsùlù fa ilà mẹ́ta sójú rẹ̀, kó má baà dà á dé. Elkanah ní igi wo nìyẹn. Ẹnu Àkànní ò dákẹ́, àbí? "Ìrókò ni! Igi tí ẹ̀mí ń gbé inú ẹ̀! Kò sóhun tó lè ṣe gìtá ẹ mọ́." Ó bú sẹ́rìn-ín. Elkanah ò rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́ tí Elkanah gbé gìtá náà lọ tí ìka rẹ̀ kan wú. Lọ́jọ́ Ìsinmi, Modinat tó ń ta káàdì fóònù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù sáré wọlé.

"Bọ̀dá Àkànní, ẹ̀yin ni wọ́n ń sọ lórí pẹpẹ o! Wọ́n tú gìtá, wọ́n bá igi onílà mẹ́ta níbẹ̀, wọ́n lóògùn ni. Wọ́n ti da òróró sí i, wọ́n ti jó igi náà!"

Yéè! Orúkọ tí Àkànní fi gbogbo ayé rẹ̀ kọ́ bá igi jóná. Ṣọ́ọ̀ṣì kan wá kó gìtá tí kò tíì parí. Àwọn yòókù ò tilẹ̀ yà mọ́. Ó ṣépè títí ohùn rẹ̀ fi há.

Kí ọ̀sẹ̀ tó tún yí, Elkanah ló dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, gìtá lọ́wọ́. Okùn ti tún ga, àjọ̀dún ṣọ́ọ̀ṣì sì ti kù sí dẹ̀dẹ̀.

"Ojú ò tì ẹ́?" ni Àkànní wí. "Ó dáa. Gba màíkì tí wọ́n fi bà mí jẹ́, kó o sọ pé irọ́ ni. Màá ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́."

"Daddy ṣọ́ọ̀ṣì wa ò ní gbà, ọ̀gá. Ẹ bá mi ṣe é ní kọ̀rọ̀." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi igi sí i o."

Àkànní gba gìtá náà, ó tú u, ó gbé ọrùn rẹ̀ sókè.

"Kí ni wọ́n fi ṣe èyí?"

"Igi ni, ọ̀gá."

"Ara ẹ̀ ńkọ́?"

"Igi."

"Pẹpẹ tí ẹ ti pa orúkọ mi ńkọ́?"



Àkànní kó ọrùn, ara àti ìṣó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lé Elkanah láyà. "Òróró yín ò tíì tán. Ẹ lọ jó ìyókù."