Ẹni tó Máa Ti Kẹ̀kẹ́ Àlájà

Nígbà tí ọkọ mi kú, tí àwọn ọmọ mi méjèèjì sì ti wà ní Kánádà, ohùn rédíò nìkan ló kù tí mò ń gbọ́ nínú ilé. Mo ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, kò sẹ́ni tó tún ń pè mí kíákíá pé aláìsàn kan ń fẹ́ mi. Aládùúgbò mi kan ló ní kí n wá darapọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ aṣèrànwọ́ àwọn níbí ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ibi tí àwọn èèyàn á ti máa sọ̀rọ̀, tí èmi náà á máa dá sí i, ni mò ń wá. Mo bá wọn lọ.

A lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò fáwọn àgbà ní Ìbẹ̀fún, a kun ilé ìwé kan lọ́dà. Lẹ́yìn náà la ra kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ẹni tí kò lè rìn. A fún Àlájà kan ní ọ̀kan, ẹni tó ti ta aṣọ títí lọ́jà kí àìsàn rọpárọsẹ̀ tó mú wọn lápá àti lẹ́sẹ̀ ọ̀tún. A gbé kẹ̀kẹ́ náà dé ilé wọn, a ya fọ́tò, alága wa sọ̀rọ̀, a sì wọ mọ́tò wa padà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ilé sú mi, mo ní kí n lọ kí Àlájà. Orí ibùsùn lẹ́bàá fèrèsé ni mo bá wọn. Kẹ̀kẹ́ wà ní kọ̀rọ̀ yàrá, aṣọ tí wọ́n ká jọ ló kún orí rẹ̀.

“Àlájà, ẹ kì í lo kẹ̀kẹ́ yìí ni?”

“Ibo ni n óò gbé e gbà?” Wọ́n na ọwọ́ òsì sí ẹnu ọ̀nà. Mo rántí àtẹ̀gùn gíga tí mo gùn wọlé. “Ìjagun lọ́hùn-ún ni ọmọ àbúrò mi tí a jọ ń gbé ti ń ṣiṣẹ́, ilẹ̀ á ti ṣú kó tó dé. Ẹ gbé kẹ̀kẹ́ fún mi, ẹ ò mú ẹni tó máa tì í wá.”

Mo sọ ọ́ ní ìpàdé. Alága ní iṣẹ́ ìyẹn ti parí, omi ẹ̀rọ ló kàn. Mo bá lọ pe bíríkìlà àdúgbò mi, ó fi sìmẹ́ǹtì ṣe ojú ọ̀nà dagẹrẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn ilé Àlájà. Nígbà tó gbẹ, mo padà lọ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Àlájà ti wọ léèsì, wọ́n ti lé tìróò.

“Rọra o, Nọ́ọ̀sì. Òkú kọ́ lò ń gbé.”

Wọ́n ní ká lọ wo ṣọ́ọ̀bù tí àwọn ń lò tẹ́lẹ̀ lọ́jà. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ló wà níbẹ̀ tó ń ta fóònù. Ó ní, “Mọ̀mọ́, kí lẹ fẹ́ rà?” Àlájà ní, “Mi ò ra nǹkan kan. Mò ń wò ó ni.” Ibẹ̀ la wà tí ìyá aláṣọ kan lódìkejì fi figbe ta.

“Àlájà! Ẹ̀yin rèé? Wọ́n ní ẹ ti kú!”

Àlájà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Àwọn méjèèjì di ara wọn mú, wọ́n sọ̀rọ̀ ọjọ́ pípẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí à ń padà, tí a ti fẹ́rẹ̀ẹ́ délé, Àlájà ní,

“Inú ilé kan náà ni mo wà, Nọ́ọ̀sì. Kò sẹ́ni tó wá wò ó bóyá lóòótọ́ ni mo kú.”

Mò ń ti kẹ̀kẹ́ lọ ni.

Láti ìgbà náà, gbogbo Jímọ̀ là ń jáde. Lọ́jọ́ kan wọ́n bi mí pé, “Ìwọ ńkọ́? Ta ló ń wá wò ọ́?”

“Ẹ̀yin ni mò ń wá wò, Àlájà.”

“Ohun tí mo bi ọ́ kọ́ nìyẹn.”

Nígbà òjò, mo dé ibẹ̀ ní Jímọ̀ kan, bàtà kún ẹnu ọ̀nà. Ọmọ àbúrò wọn jáde sí mi. “Mọ̀mọ́ ti lọ, mà. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, ọjọ́ náà la sin wọ́n. Mi ò ní nọ́ńbà yín.” Ilé kún fún ẹbí tí mi ò rí rí. Bàbá kan bi mí pé ta ni mo jẹ́ sí olóògbé. Mo ní, “Mo wá láti ẹgbẹ́ tó gbé kẹ̀kẹ́ fún wọn.” Ó dúpẹ́ púpọ̀, ó ní a lè wá gbé e.

Ẹgbẹ́ gbé e fún bàbá àgbẹ̀ kan ní Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Kí n tó fi bí wọ́n ṣe ń dá kẹ̀kẹ́ náà dúró hàn wọ́n tán, àwọn ọmọ-ọmọ bàbá náà ti gbà á lọ́wọ́ mi, wọ́n ti ń tì í yí àgbàlá ká, bàbá ń pariwo ẹ̀rín. Inú mi dùn sí i. Mo ká ọwọ́ mi pọ̀ lẹ́yìn, mo lọ jókòó sínú mọ́tò.

Ní Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, mo ti wẹ̀, mo ti wọṣọ ìjáde tán kí n tó rántí pé mi ò níbi tí mò ń lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú aṣọ náà lọ́rùn títí wọ́n fi pe ìrun ìrọ̀lẹ́.