Pupa Mọ́ Pupa

Eku ló jẹ wáyà mọ́tò ìjàpá tí bàbá mi fi sílẹ̀ lábẹ́ igi ọsàn nílé wa ní Fìdítì. Ìyá mi ní ohun kan ṣoṣo tóun ń fẹ́ ni kóun tún jókòó sínú ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n fi gbé òun dé ọ̀dọ̀ àbúrò òun ní Ìlọrà. Mo ṣèlérí fún un.

Riwáyà, ìyẹn ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, lọ̀rẹ́ mi. Inú abọ́ ìyá mi la ti jọ jẹun dàgbà. Wáyà ìjàpá tí wọ́n ṣe lẹ́yìn tiwa la rí rà, àwọ̀ wọn ò sì bára mu. Ó ní kò burú, òun á so ó pọ̀ mọ́ èyí tí eku jẹ kù. Ọjọ́ méjì ló fi ṣe é. Nígbà tó ku ojú kan ṣoṣo, ó ní òun ń lọ sí Awẹ́, kí n parí ẹ̀.

"Pupa mọ́ pupa, ó tán."

Pupa méjì ni mo bá níbẹ̀: ọ̀kan pọ́n bí ẹ̀jẹ̀, èkejì pọ́n bí erùpẹ̀. Mo pè é lórí fóònù.

"Pupa wọn ò jọra. Ṣé kí n ṣì so wọ́n pọ̀?"

"Àbí o ti di ọmọdé ni? Ọ̀kan náà ni wọ́n."

Mo so wọ́n pọ̀. Ìyá mi ti wé gèlè, ó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Bí mo ṣe so orí bátìrì báyìí, èéfín bo mọ́tò. Kí n tó já a, gbogbo wáyà ti yọ́ mọ́ra wọn.

Riwáyà mìíràn tó wá láti Ìwàré ò jẹ́ kí n ròyìn tán. "Ẹ̀gbọ́n, ara irin mọ́tò ni eléyìí tó dà bí erùpẹ̀ ń lọ! Ta ló ní kẹ́ ẹ so iná mọ́ ọn? Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lánàá mọ̀yẹn."

Síbẹ̀, mo ṣì ń wá àwáwí fún ọ̀rẹ́ mi. Ọjọ́ kejì lòun fúnra ẹ̀ dé, òun àti ọkùnrin kan tó ti ń yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ pípẹ́ pé kí n ta ìjàpá náà fóun. Ọkùnrin náà ò kí mi dáadáa tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ táyà wò.

"Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́ o," lọ̀rẹ́ mi wí. "Kò ṣeé tún ṣe mọ́." Aṣeni-bánidárò! Ó dùn mí dé egungun.

Ìyá mi, tí ò mọ nǹkan kan, bu omi tútù fún un. "O kú wàhálà, ọmọ mi." Ó yíjú sí mi. "Ìwọ náà, dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀."

Mo wo ojú ìyá mi, mo sì dúpẹ́.

Ọ̀rẹ́ mi ní kò tọ́pẹ́.